Ṣé Ẹ̀rọ Ìkàwé Ni Kí N Rà fún Bàbá Mi, àbí Ìwé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. London ni mò ń gbé. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 71, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ń rí ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú ìwé ń dà pọ̀ mọ́ wọn lójú. Wọn kì í fi ìwé ṣeré, ìbáà ṣe ti Yorùbá tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ra Kindle fún wọn, ìyẹn ẹ̀rọ ìkàwé Amazon tó ń gba ìwé púpọ̀ sínú. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. — Ọmọ Tíṣà

ÌDÁHÙN: O kú ìtọ́jú bàbá, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ṣìnà. Nígbà tí ojú ìyá mi ń di bàìbàì, ẹnu fèrèsé ni wọ́n máa ń gbé ìwé lọ, wọ́n á fi ìka tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó má baà sá mọ́ wọn lójú. Tí wọ́n bá kà á dé ìdajì ojú ewé, wọ́n á pa ìwé dé. Ìró ìwé yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Ẹ̀rọ ìkàwé ì bá ti ran ìyá mi lọ́wọ́, torí bí èèyàn bá ṣe fẹ́ kí lẹ́tà tóbi tó ló ń tóbi. Ojú rẹ̀ kì í tàn gbòò bíi ti fóònù. Èérún dúdú àti funfun ló wà nínú rẹ̀. Iná ló ń tì wọ́n sókè sísàlẹ̀ títí wọ́n á fi di lẹ́tà. Tí wọ́n bá ti tò tán, kò tún jẹ iná fún ojú ewé yẹn mọ́. Bàbá lè kà á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí iná kò bá sì wá fún ọjọ́ mẹ́rin, kò séwu.

Ìwé Yorùbá ló ń dà mí láàmú. Ọdún 22 ni mo fi ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí mo fi ìwé Yorùbá sínú ẹ̀rọ tèmi, ibi tí òǹkọ̀wé kọ "ọ̀wọ̀ àgbà" sí, "ọ□wọ□ àgbà" ni mo bá níbẹ̀. Mo ṣí ojú ewé kejì, bákan náà. Inú mi bàjẹ́ púpọ̀. Ohun tó fà á ni pé nínú kọ̀ǹpútà, á àti à ní ààyè tiwọn, ọ náà ní; ọ̀ àti ẹ́ kò ní. Ẹ̀rọ á mú ọ, á wá wá àmì ohùn tó máa gbé lé e lórí. Bí fọ́ńtì, ìyẹn àkójọ ìrísí lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò, kò bá ní àmì yẹn, àpótí òfìfo ló máa gbé síbẹ̀. Ìwé tó bá wà ní PDF, ìyẹn fáìlì tó dà bí àwòrán ojú ewé, kì í ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to ojú ewé rẹ̀ náà ló máa wà, lẹ́tà á sì kéré ju ti inú ìwé lọ, torí ojú ẹ̀rọ kéré sí ojú ewé.

Nítorí náà, ẹ rà á, kí ẹ kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì kún un. Kindle àti Kobo, ẹ̀rọ ìkàwé mìíràn, tó jáde láìpẹ́ gbà kí èèyàn fi fọ́ńtì tirẹ̀ sí i. Ẹ fi fọ́ńtì tó ń jẹ́ Charis SIL sí i, ó ní gbogbo àmì wa. Kí ó tó kúrò ní London, ka ojú ewé Yorùbá mẹ́ta lórí rẹ̀ sókè, kí o fi etí sí ibi tí ahọ́n rẹ bá ti kọsẹ̀.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ìwé Bàbá dànù torí pé ẹ̀rọ dé o. Ní oṣù Keje ọdún 2009, Amazon pa ìwé George Orwell méjì rẹ́ kúrò nínú Kindle àwọn tó ti sanwó, torí pé ẹni tó tà á níbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Kò sẹ́ni tó lè dúró lókèèrè mú ìwé kúrò lórí pẹpẹ Bàbá.

Ní ti ìwé Yorùbá wọn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oní-fótókọ́pì. Tó bá jẹ́ bébà ìwọ̀n A5, kó fẹ̀ ẹ́ sí ìwọ̀n A4, ìyẹn 141% lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kó sì fi wáyà dì í kó lè tẹ́ sílẹ̀ lórí itan. Ẹ̀dà kan ṣoṣo, fún Bàbá nìkan. Pè wọ́n lónìí, kí o bi wọ́n léèrè ìwé tí wọ́n pa dé láìkà á tán. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹ̀.