Ààwẹ̀ omi nìkan láti fi jò: ṣé wíṣáàlì ni, ṣé ó sì lè san gbèsè Rámádánì?

Ìbéèrè: Às-sàlámù aláékúm Àfáà wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo sanra, dókítà sì ti ní kí n dín in kù. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ omi nìkan, mi ò jẹ nǹkan kan, omi lásán ni mò ń mu tọ̀sán-tòru, ó ti di ọjọ́ márùn-ún báyìí, mo sì fẹ́ kó pé mẹ́wàá. Láti ọjọ́ kẹta ni òyì ti ń kọ́ mi tí mo bá ti dìde, ìjókòó ni mo fi ń kírun. Àfáà kan sọ fún wa pé wíṣáàlì (síso ààwẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ òmíràn láìṣínu) ni, pé Ànábì ṣe é, pé tí mo bá ti ń dá àníyàn sí i ní ìdájí, á bá mi san ààwẹ̀ Rámádánì tí mo jẹ nítorí nǹkan oṣù. Ẹlòmíràn ní ṣíríkì (fífi nǹkan mìíràn ṣe orogún Ọlọ́hun) ni, pé ẹni tó bá ti ní jíjò lọ́kàn, ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì rẹ̀ pàápàá ti bàjẹ́. Èwo ni ká mú níbẹ̀ sà?

Ìdáhùn: Wa aláékúmú sàlám. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti ń sú mi. Kì í ṣe ìwọ tó ò ń béèrè ló ń bí mi nínú o, arábìnrin mi, àwọn tó ń fi orúkọ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) polówó jíjò fáwọn èèyàn ni.

Kí n kọ́kọ́ mú èyí tó kan ẹ̀mí ẹ kúrò nílẹ̀. Òyì tó ń kọ́ ẹ yẹn, má bá a dé ọjọ́ mẹ́wàá kankan. Lọ rí dókítà lónìí, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò, kó sì sọ bó o ṣe máa padà sí oúnjẹ. Má torí pé mo ní kó o ṣíwọ́ kó o wá lọ jẹun yó kẹ́ríkẹ́rí o. Ẹni tó ti pẹ́ láìjẹun, tó bá sáré jẹ oúnjẹ ńlá, ṣe ni fọ́síféètì àti pòtásíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ọkàn á sì dààmú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ebi ti lù fún ìgbà pípẹ́ sílẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n sáré jẹ ló pa àwọn mìíràn nínú wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o fi padà.

Ó yá, ká wá sí ti ẹ̀sìn. Ohun tó ò ń ṣe yìí kì í ṣe ààwẹ̀ rárá ní ojú ṣàríà. Gbogbo wa la mọ ohun tí ààwẹ̀ jẹ́, kéèyàn kó ara ró níbi jíjẹ, mímu àti ìbálòpọ̀ látìgbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ bá ti yọ títí oòrùn á fi wọ̀, pẹ̀lú àníyàn. Omi wà nínú mímu àbí kò sí níbẹ̀? Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá ti gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá lọ́sàn-án, tó o mọ̀ọ́mọ̀ mu ún, kò sí ààwẹ̀ mọ́. Ẹni tó wá ní kó o máa dá àníyàn ní ìdájí, kó o sì máa mu omi lọ́sàn-án, ó dà bí ẹni tó ní òun ń kírun tó ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Àníyàn kì í sọ nǹkan tí kì í ṣe ìjọ́sìn di ìjọ́sìn. Nítorí náà gbèsè Rámádánì ẹ ṣì wà lọ́rùn ẹ pátá, ọjọ́ kan kò dín nínú ẹ̀.

Wíṣáàlì ńkọ́? Ibí gan-an ni wọ́n ti ń da àwọn èèyàn láàmú, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ dáadáa. Wíṣáàlì ni kéèyàn so ààwẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ òmíràn, kó má jẹ, kó má mu, oòrùn á wọ̀, kò ní ṣínu, ilẹ̀ á tún mọ́ bá a. Kó má mu, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá ti mu omi lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀ ti ṣínu, wíṣáàlì ẹ̀ ti já nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé wíṣáàlì ni wọ́n fẹ́ ṣe lóòótọ́, omi tí wọ́n ń mu ti bà á jẹ́ kí wọ́n tó dé ibi kankan. Kì í ṣe ààwẹ̀, kì í sì í ṣe wíṣáàlì. Ibo ni súnnà ti wá wọ ọ̀rọ̀?

Àti pé wíṣáàlì fúnra ẹ̀, Ànábì ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ fún wa. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhārī àti Muslim, nígbà tí àwọn sàhábà (àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀) sọ fún un pé òun náà ń ṣe é, ó ní òun kò rí bíi tiwọn, pé Olúwa òun ń fún òun jẹ, ó ń fún òun mu. Nígbà tí àwọn kan kọ̀ tí wọn ò jáwọ́, ó bá wọn so ọjọ́ kan mọ́ òmíràn, kí wọ́n tó rí oṣù, ó sì ní ká ní oṣù pẹ́ kó tó lé ni, òun ì bá fi kún un fún wọn. Abū Hurayra tó gbà á wá sọ pé bí ẹni tó ń fìyà jẹ wọ́n ni Ànábì ṣe sọ ọ́. Ìyà ni Ànábì fi hàn wọ́n, ẹ̀yin wá ń pè é ní ètò ìlera! Àwa tá a wà lójú ọ̀nà òfin ẹ̀sìn ti Mọ́líkì, makrúù (ohun tí kò dáa ká ṣe, àmọ́ tí kò dé èèwọ̀) ni wíṣáàlì lọ́dọ̀ wa, àwọn tó wà lójú ọ̀nà Ṣáfíì tiẹ̀ le jù wá lọ níbẹ̀, èyí tó lágbára lọ́dọ̀ wọn ni pé harámù, èèwọ̀, ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ Ànábì fàyè sílẹ̀ dé nínú hádíìsì Abū Sa'īd ni pé ẹni tó bá fẹ́ so ó, kó so ó dé àsìkò sààrì, Mọ́líkì fúnra ẹ̀ kò sì fẹ́ ìyẹn náà. Súrátul-Bákárà náà ti là á, áyà 187, ẹ jẹ, ẹ mu títí òwú funfun á fi hàn yàtọ̀ sí òwú dúdú, lẹ́yìn náà kí ẹ parí ààwẹ̀ títí di òru. Òru ni òpin ẹ̀.

Wọ́n á ní Abdullāh ọmọ Zubayr ṣe wíṣáàlì ọjọ́ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wá bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti ṣàlàyé pé ó gbà pé àánú ni Ànábì fi kọ̀ ọ́, kì í ṣe pé ó sọ ọ́ di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n sàhábà tó ń wá ojú rere Olúwa ẹ̀, kí ló pa á pọ̀ mọ́ ẹni tó ń gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ kó lè mọ iye tóun ti jò? Wọ́n tún máa ń fi ará Scotland kan ṣe ẹ̀rí, Angus Barbieri, tó lo ọjọ́ 382 láìjẹun láàárín 1965 sí 1966. Wọn kì í sọ ìyókù, pé àwọn dókítà ló ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n ń fún un ní fítámì àti pòtásíọ́ọ̀mù. Òun náà kò sì sọ pé súnnà lòun ń ṣe.

Èyí tó wá burú jù ni àwọn tó ti fi iye ọjọ́ sí i, tí wọ́n fi síkìrì báyìí-báyìí sí òwúrọ̀ ẹ̀ àti alẹ́ ẹ̀, tí wọ́n ní ẹni tó bá parí ẹ̀, ara ẹ̀ á mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ náà á mọ́. Ta ló sọ fún wọn? Àdádáálẹ̀ gidi nìyẹn, kò ní orúkọ míì. Ọkùnrin kan wà láyé Ànábì tí wọ́n ń pè ní Abū Isrā'īl, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun á dúró sínú oòrùn, òun ò ní jókòó, òun ò ní wá ibòòji, òun ò ní sọ̀rọ̀, òun á sì gbààwẹ̀. Ànábì ní kó sọ̀rọ̀, kó wá ibòòji, kó jókòó, kó sì parí ààwẹ̀ ẹ̀. Ẹ rí i, èyí tí Ọlọ́hun ṣe ní ìjọ́sìn ló fi sílẹ̀ fún un, ìyà tó fi kún un fúnra ẹ̀ ló gbà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹni tó wá pariwo ṣíríkì yẹn náà, kó rọra o. Kò sí ṣíríkì níbẹ̀. Imāmu al-Qarāfī, onímọ̀ ńlá nínú àwọn Mọ́líkì, sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá gbààwẹ̀ fún Ọlọ́hun, tó tún ní àǹfààní ara lọ́kàn, kì í ṣe ṣekárími, ààwẹ̀ ẹ̀ kò bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láádá ẹni tó ṣe é fún Ọlọ́hun nìkan lè ju tiẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tó mú wá ni pé Ànábì fúnra ẹ̀ ní kí ọ̀dọ́ tí kò lágbára ìgbéyàwó máa gbààwẹ̀ kó lè bá a dín ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ kù. Nítorí náà gba Àtìní àti Àlàmísì ẹ, gba ọjọ́ 13, 14, 15 oṣù ojú ọ̀run, fi ti Ọlọ́hun ṣáájú, tó o bá jò níbẹ̀, o ti jò nìyẹn.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni ti omi nìkan yìí? Kéèyàn fo oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ ara ni. Àmọ́ tó bá ti dé ibi tó ń ṣe ẹ́ ní jàǹbá, Ọlọ́hun ní kí ẹ má fi ọwọ́ ara yín ju ara yín sínú ìparun. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, aboyún, ìyá ọlọ́mọ tó ń fún ọmú, àwọn yìí Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún wọn tí ewu bá wà kí wọ́n jẹ Rámádánì tó jẹ́ ọ̀ranyàn, ká má tíì sọ èyí tí kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀. Èyí tó o sì rí pé o jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ kó pamọ́ ló ń tán láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, omi tó bá a rìn sì jáde, lẹ́yìn náà ni ara á máa jó ọ̀rá, á sì máa jẹ iṣan mọ́ ọn. Ànábì ní bí kò bá sí ọgbọ́n míì, kí ìdá mẹ́ta inú jẹ́ ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún èémí.

Ìrun tó o fi ìjókòó kí ni mo fi kádìí ẹ̀. Ìdúró nínú ìrun ọ̀ranyàn òpó ni, a kì í torí jíjò fi í sílẹ̀. Ibn Mas'ūd, sàhábà Ànábì, kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ààwẹ̀ àṣegbọrẹ, ó ní ó máa ń mú òun rẹ̀ fún ìrun, ìrun sì jẹ́ ààyò òun jù ú lọ. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lo máa ṣubú tó o bá dúró, ìrun ẹ yege, o ò ní tún un kí, ìtúúbá ló kù nítorí ìwọ lo fà á. Èyí tó o jókòó sí nítorí àárẹ̀ lásán, nígbà tó o lè dúró tàbí fara ti ògiri, tún wọn kí, bó o bá sì ṣe iyèméjì, tún un kí náà. Gbèsè Rámádánì wá, dúró kí dókítà sọ pé ara ẹ ti padà, kó o máa san án lọ́kọ̀ọ̀kan, àníyàn láti òru, láìsí omi lọ́sàn-án, kó o sì jẹ sààrì.