Ẹ Bi Wá: Igi Tí Wọ́n Ń Bó Láàyè

Ìbéèrè: Igi tí a bá bó èèpo rẹ̀ yíká kì í pẹ́ kú. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń bó igi kọ́ọ̀kì ní Pọ́túgà tí kì í kú?

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ìpele méjì ni èèpo igi yìí. Ti òde ti kú, ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀; òun ni kọ́ọ̀kì, tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò. Abẹ́ rẹ̀ ni èèpo tútù wà, tí àwọn ará Pọ́túgà ń pè ní “ìyá”. Ìyá yìí ló ń hu kọ́ọ̀kì tuntun. Ibi tí àáké bá ti ṣá a, egbò ni yóò dá síbẹ̀. Bí ìyá bá sì bá èèpo òde ṣí, ojú ibẹ̀ kò ní hu kọ́ọ̀kì mọ́.

Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹjọ ni wọ́n ń bó o, nígbà tí igi ń dàgbà lọ́wọ́, tí èèpo sì ń ṣí wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á fi àáké la èèpo lóòró, níbi tó ti sán jù, wọ́n á wá yí ẹnu àáké díẹ̀ nínú ojú ìlà náà. Bó bá dún bí ohun tó ṣófo, yóò ṣí. Bó bá dún gbẹ, tó dún kúkúrú, ó ṣì lẹ̀ mọ́ ìyá: kí wọ́n fi í sílẹ̀ ló dáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á là á níbùú lókè, wọ́n á fi ìdí ẹ̀rú àáké gbé e kúrò. Tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ń fẹ́, ẹ má bó o rárá. Ìyá á gbẹ.

Wọ́n á kọ nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ọdún tí wọ́n bó o sára igi: 4 dúró fún 2024. Ó di 2033 kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án, nítorí òfin Pọ́túgà ní ó kéré tán, ọdún 9.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni wọ́n ń kọ́kọ́ bó igi náà?

Ìdáhùn: Nígbà tí okùn tí a fi yí igi náà ká, ní mítà 1.3 sókè, bá tó sẹ̀ǹtímítà 70. Ìyẹn tó nǹkan bí ọdún 25. Ti àkọ́kọ́ àti ìkejì rí ṣákaṣàka, lílọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ wọ́n. Láti ìkẹta lọ ló ń di ìdérí ìgò.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìlà dúdúdúdú ara ìdérí wáìnì fi wà níbùú?

Ìdáhùn: Ihò tóóró tí igi fi ń mí ni. Láti inú èèpo ló ti ń jáde sí òde, nítorí náà lóòró igi ni wọ́n ti ń gé ìdérí, kí ẹnu ihò lè kọjú sí ara ìgò. Bí wọ́n bá gé e lódìkejì, wáìnì á gba ibẹ̀ jò. Ìdí nìyẹn tí èèpo fi gbọ́dọ̀ nípọn ju mílímítà 24 tí ìdérí fẹ̀ lọ. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń gé ní pelebe, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìdérí Champagne.