Ohun tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ kóòdù pẹ̀lú àwọn ọmọ SS1

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ ní SS1 ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́, wọn ò kọ kóòdù rí (àṣẹ tá à ń kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé), ẹ sì fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti fẹsẹ̀ kọ, kẹ́ ẹ lè yà fún un.

Lọ́dún àkọ́kọ́, fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo gbójú lé. Kọ̀ǹpútà 12 la ní fún ọmọ 40. Dátà tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iná náà ò dúró. Nígbà tí táàmù fi máa parí, wọ́n lè ka ìtumọ̀ algorithm (ìgbésẹ̀ téèyàn ń tẹ̀ lé láti yanjú ìṣòro) láì wojú ìwé, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dá kọ ìlà 5 tó máa ṣiṣẹ́, àfi àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù nílé. Ó dùn mí wọra.

Látìgbà yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni bóyá nǹkan náà á ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Python, èdè kan tá a fi ń kọ kóòdù, ni mo wá fìdí tì. Inú Thonny, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, la ti ń kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Yunifásítì Tartu ní Estonia ni wọ́n ti ṣe é fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù. Python ti wà nínú ẹ̀, ẹ kàn máa fi fláàṣì gbé e káàkiri kọ̀ǹpútà ni. Ó tún lè máa rìn lórí kóòdù lẹ́sẹẹsẹ, kí ọmọ fojú ara ẹ̀ rí bí iye inú variable (orúkọ tá a fi iye pa mọ́ sí) ṣe ń yí padà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má tíì fẹnu ba variable. Turtle ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jáde, ìjàpá tó ń fa ìlà lójú kọ̀ǹpútà, tó ti inú Logo, èdè kóòdù ayé àtijọ́, wá. Ọkọ Yánníbo làwọn ọmọ tèmi ń pè é. Ọmọbìnrin kan wà tí kì í lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ó kọ forward(100), ó kọ right(90), ó tún un kọ títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, igun mẹ́rin jáde. Mo ní kó fi for, àṣẹ loop tó ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan léraléra, ká a mọ́, kó máa fi dígírì 10 yí i, kó ṣe é nígbà 36. Nígbà tí ìjàpá dúró, ó ní, "Sà, àdìrẹ màámi rèé!" Mi ò tún ní láti ṣàlàyé loop fún un mọ́.

Ẹ sá fún ìwé tí kóòdù inú ẹ̀ kì í ṣàṣìṣe. Ọmọ tó bá kọ Print dípò print máa rí NameError pupa (pé kọ̀ǹpútà ò mọ orúkọ yẹn), á sì rò pé òun ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Èmi máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fún wọn ní kóòdù tó bàjẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Scratch, níbi tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù dípò kí wọ́n tẹ kóòdù, dáa fún JSS; àwọn SS1 tèmi ní eré ọmọdé ni.

Fún ọjọ́ tí iná bá lọ, mo ti gé páálí, mo kọ ìlà kóòdù kọ̀ọ̀kan sí i, mo dà á rú. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n máa ń tò ó, àríyànjiyàn ibẹ̀ sì máa ń gbóná ju ti ìdí kọ̀ǹpútà lọ.

Kẹ́ ẹ tó mú èyíkéyìí, ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó lọ́ra jù nílé ẹ̀kọ́ yín, ẹ pa dátà, kẹ́ ẹ fúnra yín ṣe ẹ̀kọ́ 3 àkọ́kọ́ níbẹ̀.