Ìyàwó sójà, má tíì di ẹrù

Ìyàwó wa ará Kétu, mo ka ohun tí o kọ. O ní wọ́n gbé ọkọ rẹ tó jẹ́ sójà lọ sí àríwá Benin, pé bó bá pè, "mo wà, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé owó wọlé?" ni, ó parí. Ìyá ọkọ rẹ ní obìnrin kan ló ti gbà á lọ́hùn-ún. Ìwọ náà wá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, mo wọ aṣọ sójà títí mo fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹjọ́ tí ò ń rò yìí ni ìyàwó mi ti bá mi rò rí. Má lọ.

Ibi tí ó wà kì í ṣe báráàkì Kútọnu tàbí ti Àjàṣẹ́ tí ìyàwó lè gbé abọ́ oúnjẹ dé ẹnu géètì. Láti oṣù kìíní ọdún 2022 tí iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mirador ti bẹ̀rẹ̀, sójà bí 3,000 ni wọ́n kó lọ sí ìpínlẹ̀ Alibori àti Atacora ní àríwá láti dènà àwọn agbésùnmọ̀mí tó ń gba inú igbó ẹranko W àti Pendjari wọlé. Bí o bá dé ìlú Kandi ní Alibori, ta ni o fẹ́ bi pé àgọ́ ọkọ rẹ dà? Ẹni tó bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ júwe rẹ̀. Bí ọkọ rẹ bá sì gbọ́ pé o wà lójú ọ̀nà, ara rẹ̀ nìkan ni yóò wà níbi ìṣọ́.

Gbọ́ bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ ní àgọ́. Wọ́n ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á tò, wọ́n á pe orúkọ, iṣẹ́ á pín. Àwọn kan á lọ yẹ ojú ọ̀nà wò, àwọn kan á lọ bu omi, àwọn kan á máa rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò. Ẹni tó ṣọ́ òru á wá ibòji sùn sí, oorun ọ̀hún kò sì ní ṣe é ní nǹkan, torí láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ooru Alibori a máa kọjá ìwọ̀n 40. Ìrẹsì ni lónìí, ìrẹsì ni lọ́la. Ohun tí wọn kì í sọ fún ìyàwó ni pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ohunkóhun kì í ṣẹlẹ̀. Aṣọ fífọ̀, ìbọn nínù, àríyànjiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Kí ni kó wá rò fún ọ? Èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an, wọn kò gbà kó sọ ọ́ lórí fóònù. Èyí tí wọ́n gbà kó sọ, ó ti sú òun fúnra rẹ̀. Ló ṣe ní "mo wà".

Ti fóònù náà tún wà níbẹ̀. Iná tí jẹnẹrétọ̀ bá fún wọn, gbogbo wọn ló ń dù ú. Ó lè jẹ́ ìdí igi kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Èwo nínú àwọn ọmọkùnrin wa ló máa pe ìyàwó rẹ̀ ní àdùkẹ́ níṣojú ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wọn? (Mo mọ ọ̀kan. Wọ́n fi pè é títí ó fi kúrò ní àgọ́ yẹn.)

Nítorí náà, má dúró de ìpè. Gba ohùn rẹ sílẹ̀ lórí WhatsApp, kó o fi ránṣẹ́. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, á wọlé, á sì tún un gbọ́ lóun nìkan. Má bi í léèrè ibi tó wà. Má kàn kí i kó o dákẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ilé ni kó o kó fún un.

Nígbà tí a wà ní Côte d'Ivoire lábẹ́ ONUCI, iṣẹ́ àlàáfíà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kò sí WhatsApp lọ́wọ́ wa. Ìdí àwọn tó ń fi fóònù pawó la ti ń pe ilé, owó á sì máa jó lọ lójú ẹni. Ìyàwó mi kì í fi àkókò yẹn sunkún. Á ní, "Bàbá Ṣadé, òbúkọ yìí ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ onílé, ṣé ká tà á ni àbí ká so ó?" Á ní, "Olùkọ́ ní kí ọmọ yìí tún kíláàsì ṣe, èmi ò gbà, ìwọ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ti gbé e lé mi lórí lọ. Lórí ìṣọ́ lóru, èmi àti òun á máa jà lórí òbúkọ. Nígbà tí mo bá fi máa pè é padà, mo ti ṣẹ́gun, mo ti tún pàdánù. Ọjọ́ ìsinmi ni mo máa ń lọ sọ́jà lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá ará Èjìgbò tó kún Abidjan, kí n lè gbọ́ èdè ẹni lásán. Ṣùgbọ́n òbúkọ yẹn ló ń jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ṣì nílé. Tí ó bá jẹ́ owó nìkan ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin, á fi MoMo, owó orí fóònù, ránṣẹ́, á gbà pé òun ti ṣe ojúṣe òun.

Ìròyìn búburú ńkọ́? Sọ ọ́, sọ ọ́ tán, má gé e wẹ́wẹ́. Bó bá jẹ́ ikú ni, ẹ wá ẹni tó lè sọ ọ́ fún ṣẹ́ẹ̀fù rẹ̀ kí wọ́n lè pè é jókòó. Nígbà tí bàbá mi kú, ilé fi pamọ́ fún mi pé kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo gbé fìlà tí mo rà fún un dé ẹnu ọ̀nà. Títí di òní, mi ò tíì dárí ji àwọn kan nínú ẹbí lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ti àhesọ, ìwọ náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n kọlu àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìjọba tó kéde pé sójà 54 ló kú. Láàárín ìgbà yẹn, oríṣiríṣi àwòrán ń kiri, àwọn obìnrin ń wá ojú ọkọ wọn nínú òkú. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ tí ó bá dé ọwọ́ rẹ, pa á rẹ́. Nọ́ńbà ìyàwó méjì tàbí mẹ́ta tí ọkọ wọn jọ wà ni kó o ní. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bá ti pè, á bá àwọn yòókù kí ilé wọn.

Ẹrù? Ẹni tó ń padà láti permission, ìsinmi àwọn sójà, ni kó o fi rán, kì í ṣe awakọ̀. Gàrí, ata gbígbẹ lílọ̀, kúlíkúlí Agonlin. Ṣe é kó pọ̀, torí kò ní dá jẹ ẹ́.

Nígbà tí òun náà bá wá gba permission, á gbé wàgàṣì, wàrà Fúlàní, wálé, á sì máa sùn. Bí ẹ bá jí i, ẹ pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè, ẹ má fọwọ́ kàn án lójijì. Má kó àlejò jọ lọ́jọ́ kìíní. Á sọ̀rọ̀ nígbà tó bá yá, bóyá lóko, bóyá nígbà tó bá ń tún kẹ̀kẹ́ ọmọ ṣe.

Ìyá ọkọ rẹ, má bá a jiyàn. Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ló ń bà á, kó gbà pé obìnrin kan ló gbà á sàn fún un ju ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an lọ. Gbé fóònù fún un lálẹ́ òní, kó gba ohùn tirẹ̀ náà sílẹ̀, kó ki oríkì ọmọ rẹ̀ sí i.