Obìnrin tó kí mi ní "Kushe" kò kúrò lójú mi

Àbúrò mi ní Birmingham,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní nọ́ọ̀sì ni ọ́, o sì fi ìsinmi ọdún rẹ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú Global Mercy, ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ ilé ìwòsàn, tó gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró (Sierra Leone) lọ́dún 2023. Láti ìgbà tó o ti dé, o kò rí oorun sùn, o ń kanra mọ́ ọkọ rẹ, o sì sunkún jáde níbi ìgbéyàwó kan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ owó mọ́ ìyàwó níwájú orí. O bi mí bóyá orí rẹ ṣì pé, àti bóyá kó o fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó o padà síbẹ̀.

Orí rẹ pé. Ọ̀fọ̀ lo wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀, tí wọ́n tún un ṣe, àwọn tí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ kúrò lọ́rùn wọn, ìlà mẹ́ta péré lo fi kọ nípa wọn. Ojú ìwé méjì lo fi kọ nípa obìnrin tó wá fún àyẹ̀wò, tí kókó wú sí lẹ́rẹ̀kẹ́. Jẹjẹrẹ ni, ó ti ràn, iṣẹ́ abẹ kò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Ìwọ lo sọ fún un. Ó gbọ́ tán, ó fi gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wò ọ́ lójú, ó ní "Kushe," ó sì lọ. Mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó pẹ́ kí n tó lè kà á lọ.

O ń bèèrè bóyá èpè ni àbí ìdáríjì. Kì í ṣe ọ̀kankan. Àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, irú Àjàyí Crowther lọ́dún 1822, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown, àwọn ló gbé "ẹ kú iṣẹ́" débẹ̀. "Ẹ kú, ẹ kú" pọ̀ lẹ́nu wọn débi pé Aku ni wọ́n ń pè wọ́n. Lónìí, kíkí ojoojúmọ́ ni kushe lẹ́nu àwọn ará Sàró. Èèyàn ló kí èèyàn. Àmọ́ etí Yorùbá lo fi gbọ́ ọ, bó bá gún ọ lọ́kàn, mi ò bá ọ wí.

Ká ní mọ̀lẹ́bí rẹ ló kú ni, èrò ì bá ti kún ilé rẹ. Ta ló wá kí ọ kú ara fẹ́ra kù nítorí obìnrin yìí? Kó o máa dúpẹ́ pé o ṣoore ni wọ́n ń sọ. Ọkọ rẹ ní, "Ṣé ìwọ lo dá ayé ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dun èmi náà. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó o kọ, mi ò rí i pé o ti sọ ìtàn obìnrin náà fún un rí. Sọ ọ́ fún un lálẹ́ òní, kí ẹ pa tẹlifíṣọ̀n.

Má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ torí kí ọkàn rẹ lè fúyẹ́ lo ṣe fẹ́ padà, ẹlòmíì tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti ràn yóò tún dúró síwájú rẹ. Bí oorun kò bá sì padà, kàn sí NHS Talking Therapies, ètò ìlera ìjọba níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn èèyàn. O lè fúnra rẹ forúkọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà kọ ìwé fún ọ. Jọ̀ọ́, má tijú. Ìwọ náà kò ní jẹ́ kí aláìsàn rẹ tijú.

Ẹnì kan wà tó o kàn mẹ́nu bà, tó o sì kọjá lára rẹ̀: ọmọbìnrin Sàró tó ń bá ọ túmọ̀ Krio, èdè àwọn ará Sàró, tó di ọwọ́ obìnrin náà mú. Òun kò ní bàálù tó máa wọ̀ lọ. Ìlú kan náà lòun àtàwọn tí ẹ dá padà jọ ń gbé. O ní nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, ìtìjú ni kò jẹ́ kó o pè é. Pè é. Má fi owó síwájú, má sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Bi í léèrè bóyá òun náà ń rí oorun sùn.