Fóònù ń dún, ohùn kò wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Asterisk ni a fi ń ṣe fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì wa, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì wà lẹ́yìn router. A ti ṣí pọ́ọ̀tì (ẹnu ọ̀nà) 5060. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá pè láti London, fóònù á dún, a ó gbé e. Wọ́n ń gbọ́ wa, àwa kì í gbọ́ wọn. Kí ló fà á?
Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Pọ́ọ̀tì 5060 kò jẹ̀bi, òun nìkan ni kò tó. Ohùn kì í gba ibẹ̀ kọjá rárá. SIP ló ń gba ibẹ̀, alárinà sì ni SIP: òun ló ń sọ pé lágbájá ń pè, pé fóònù ti ń dún, pé wọ́n ti gbé e, pé wọ́n ti pa á. Ohùn ní ọ̀nà tirẹ̀, RTP, lórí pọ́ọ̀tì mìíràn tí wọ́n ń yàn fún ìpè kọ̀ọ̀kan. Asterisk máa ń yan tirẹ̀ láàárín 10000 sí 20000, àfi bí ẹ bá yí i padà nínú rtp.conf, fáìlì ètò rẹ̀ fún ohùn.

Inú ọ̀rọ̀ SIP ni wọ́n ti ń sọ pọ́ọ̀tì tí wọ́n yàn. Bó ṣe máa ń rí nìyí:

c=IN IP4 192.168.1.10
m=audio 14382 RTP/AVP 0

Ìyẹn ni pé: ẹ máa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní àdírẹ́sì yìí, pọ́ọ̀tì 14382. Ó dá mi lójú pé ibí ni wàhálà yín wà. Àdírẹ́sì inú ilé ni 192.168, ẹni tó wà ní London kò lè bá yín níbẹ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n yín ń kúrò lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́, ó kàn ń sọnù lọ́nà ni.

Nínú pjsip.conf, fáìlì ètò Asterisk fún SIP, ẹ kọ àdírẹ́sì yín ti ìta sí external_media_address àti external_signaling_address, kí ẹ sì fi local_net sọ èwo ni ti inú ilé. Ẹ pa Asterisk, kí ẹ tún un tàn. Reload lásán (kíka ètò tuntun láìpa á) kì í sábà tó. Ẹ wá ní kí router darí pọ́ọ̀tì UDP (irú ìfiránṣẹ́ tí RTP ń lò) 10000 sí 20000 sí kọ̀ǹpútà náà. Bí SIP ALG, ètò tó ń yí ọ̀rọ̀ SIP padà lójú ọ̀nà, bá wà lórí router, ẹ pa á. Torí àtitún àdírẹ́sì ṣe ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n bíbà á jẹ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ kò bi mí léyìí, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ẹ má fi 5060 sílẹ̀ gbayawu. Tọ̀sán-tòru ni àwọn olè ń fi ẹ̀rọ wá a kiri. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà yín bá rọrùn, wọn á fi láìnì yín pe ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó. Ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé SIP lọ sí 5061 pẹ̀lú TLS tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, kí ẹlòmíràn má baà kà á lójú ọ̀nà.

Bí ohùn bá wọlé tán, tí ìpè tún ń já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 32, ọ̀rọ̀ ti padà sọ́dọ̀ SIP nìyẹn: ACK, èsì SIP tó ń jẹ́rìí pé ẹni tó pè ti gbọ́ pé a gbé e, ni Asterisk dúró dè tí kò rí. External_signaling_address ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.