Busy Lizzie mi gùn gbọọrọ, kò tanná mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Oṣù karùn-ún ni mo ra impatiens, èyí tí wọ́n ń pè ní Busy Lizzie níbí, tí òdòdó pupa bò ó mọ́lẹ̀. Orí tábìlì oúnjẹ wa ní Manchester ni mo gbé e sí. Ní báyìí tí òtútù ti dé, ó ti gùn gbọọrọ, ewé ìsàlẹ̀ ti já dànù tán, òdòdó méjì péré ló kù lórí. Bó bá ti rọ, mo máa ń bu omi sí i, síbẹ̀ ó tún ń rọ ni. Àbí kì í gbé inú ilé? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Ó ń gbé inú ilé, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Òtútù ìta ló ń pa á lọ́dọọdún níbí tí àwọn èèyàn fi rò pé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ló ti ṣẹ̀ wá, láti Kẹ́ńyà títí dé Mòsáńbíìkì, lábẹ́ igi, níbi tí ilẹ̀ ti tutù rinrin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé òdòdó ìbòòji ni. Òótọ́ ni, àmọ́ ìbòòji abẹ́ igi kọ́ ni àárín ilé ní Manchester, níbi tí ojúmọ́ kì í tó wákàtí 8 ní ìparí oṣù kejìlá. Gígùn tó ń gùn yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló ń na ọrùn wá.

Ẹ gbé e kúrò lórí tábìlì lónìí. Etí fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé ló dára jù. Nígbà òtútù, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù náà ò burú. Bó bá di ìgbà ooru, ẹ sún un sẹ́yìn kí ewé má bàa jó. Ẹ má gbé e ka orí hítà o, ẹ má sì jẹ́ kó sùn sáàárín kọ́tìnì àti gíláàsì. Ó fẹ́ràn ìwọ̀n 16 sí 21 lórí Celsius. Bí ibẹ̀ bá tutù dé 10, ara rẹ̀ ò ní gbà á.

Ọ̀rọ̀ omi ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń pa á. Omi ló kún inú igi rẹ̀. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀ka kan, ẹ ó rí i. Bí òǹgbẹ bá gbẹ ẹ́, á rọ. Bí omi bá pọ̀ jù tí gbòǹgbò rẹ̀ rà, á rọ bákan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ ìbejì mọ̀ ọ́n: ẹkún ebi àti ẹkún inú rírun, létí àlejò, ọ̀kan náà ni. Torí náà, ẹ má wo ewé kẹ́ ẹ tó bu omi. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì gbé ìkòkò náà wò. Bó bá fúyẹ́ bí agolo òfo, ẹ bomi rin ín títí á fi máa kán nísàlẹ̀, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 30, ẹ da èyí tó kù nínú àwo nù. Bí ilẹ̀ bá tutù síbẹ̀ tí ewé rọ, ẹ yọ ọ́ nínú ìkòkò. Gbòǹgbò funfun, kò séwu. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó rọ̀, tó ń rùn, ó ti rà nìyẹn. Èmi tí mo fi í ṣe iṣẹ́ náà ti fi omi pa odindi tíréè kan rí, ẹ má bínú sí ara yín.

Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bá nínú ìkòkò, ẹ gé orí ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin báyìí, kó gùn tó ìka àárín yín, nísàlẹ̀ ibi tí ewé ti yọ gan-an. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù àti gbogbo òdòdó, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ fi wọ́n sínú ife omi, kí ewé kankan má wọ omi, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Ìgbà òtútù máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, gbòǹgbò á yọ. Bó bá gùn tó ìdajì ìka, ẹ gbin gbogbo wọn pọ̀ sínú ìkòkò kékeré tó nihò nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà, ẹ máa rẹ́ orí wọn kí wọ́n lè yọ ẹ̀ka.

Ìyá wọn ńkọ́? Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ṣì funfun, ẹ fi í sílẹ̀ di oṣù kẹta, kẹ́ ẹ wá gé e kanlẹ̀ ku bí ìbú ọwọ́. Ìgbà yẹn náà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ajílẹ̀: èyí tí wọ́n ń lò fún tòmátò dára, ìlàjì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ má lo èyí tó wà fún ewé, torí ewé lásán lẹ máa rí.

Ẹ máa yẹ ẹ̀yìn ewé wò. Afẹ́fẹ́ hítà tó gbẹ máa ń fa kòkòrò bíńtín tó ń ta òwú bí aláǹtakùn. Ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ dáadáa. Bó bá jẹ́ ohun funfun bí ìyẹ̀fun lẹ rí níbẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àìsàn tó wọ Britain ní 2003 ni, kò gbóògùn ilé, ẹ di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ dà á nù.

Tó bá tún tanná, á so èso kékeré aláwọ̀ ewé. Tí wọ́n bá gbó, ẹ pe àwọn ìbejì kí wọ́n fọwọ́ kàn án: á bẹ́ pàù, á fọ́n irúgbìn ká. Ohun tí impatiens túmọ̀ sí ní Látìn nìyẹn, aláìnísùúrù.